Láti Ìsọlọ̀ Dé Etí Ọ̀sà: Ohun Tí Ọkọ̀ Àlòkù Kan Kọ́ Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi ní ogún ọdún sẹ́yìn pé n ó di ẹni tí ń tukọ̀ lójú ọ̀sà, ẹ̀rín ni n bá fi dá a lóhùn. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Òkè ló yí ìlú wa ká, odò tí mo sì mọ̀ nígbà èwe kò ju èyí tí ènìyàn lè ká ṣòkòtò sókè kí ó là kọjá. Nígbà tí iṣẹ́ gbé mi dé Èkó, Ìsọlọ̀ ni mo fi ṣe ibùgbé. Ẹni tó bá sì mọ Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì yóò jẹ́rìí mi pé ọ̀rọ̀ omi kọ́ ni ó ń kọ́kọ́ sọ sí ènìyàn lọ́kàn níbẹ̀.

Ohun tí a mọ Òṣòdì mọ́ ni èrò. Ọkọ̀ ojú irin ń gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà Apápá, ọ̀nà Ìkẹjà, ọ̀nà Gbàgádà àti ọ̀nà Muṣin sì pàdé níbẹ̀. Láyé mólùè, bí o bá sọ̀ ní Òṣòdì, o ní láti fi ọwọ́ kan di àpò mú kí o fi èkejì di ọmọ mú. Láti ọdún 2019 ni ibùdókọ̀ ńlá alájà púpọ̀ ti wà níbẹ̀, ìrìn ibẹ̀ sì ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n èrò kò dín. Bí a bá sì yà sí Ìsọlọ̀, ọjà Aswani tí à ń ná ní ọjọ́ Túsìdeè ni a ó bá, pẹ̀lú ọgbà àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí púpọ̀ nínú wọn ti kógbá wọlé. Omi tí a ní kò ju ti kánàálì lọ, èyí tí a kì í rántí àfi nígbà tí òjò bá rọ̀ tí ó wọlé tọ̀ wá.

Síbẹ̀, orúkọ Òṣòdì fúnra rẹ̀ ní omi nínú. Ó ń rán wa létí Olóyè Òṣòdì Tápà, balógun Ọba Kòsọ́kọ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ojú ọ̀sà ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbà sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọdún 1862 ni wọ́n tó padà wá sí Èkó, wọ́n sì tẹ̀dó sí ibi tí a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dúró ní abẹ́ afárá Òṣòdì tí ó rò pé òun jìnnà sí ọ̀sà, orúkọ ibi tí ó dúró sí ń ta kò ó.

BÍ ỌKỌ̀ NÁÀ ṢE DÉ ỌWỌ́ MI

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ ọgbà ilé-iṣẹ́ aṣọ kan tó ti kógbá wọlé ládùúgbò wa wá bá mi. Ó ní ẹni tó ra ọgbà náà ń kó gbogbo pàǹtírí inú rẹ̀ dànù, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan sì wà ní ìdí ògiri, tí òyìnbó ẹnjiníà kan fi sílẹ̀ láyé ọjọ́un. Ó rò pé yóò wúlò fún àwọn ọmọdé ṣọ́ọ̀ṣì láti máa fi ṣeré. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, mo sì fi píkọ́ọ̀pù gbé e wálé.

Nígbà tí ìyàwó mi rí i, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Dádì, ṣé ẹ ti sanwó ni?"

Mo ní, "Mo ti san án."

Ó ní, "Ó dáa. Ó kéré tán, ẹ má gbé e sí ibi tí mo ń sá aṣọ sí."

Mo fọ eruku orí rẹ̀ kúrò. Mo bá ìgbòkun pupa kan tí oòrùn ti gba àwọ̀ rẹ̀, tí eku sì ti jẹ etí rẹ̀, ní ká nínú ọkọ̀ náà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti ṣiṣẹ́ nílé ìgbọ́kọ̀sí ní Apápá ló sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́ fún mi. Mirror ni wọ́n ń pè é. Ìwé ìròyìn Daily Mirror ní Lọ́ńdọ̀n ló ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Jack Holt tó jẹ́ ọ̀gá nínú yíya àwòrán ọkọ̀, àti Barry Bucknell tó ń kọ́ àwọn ará ìlú ní iṣẹ́ ọwọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, ni wọ́n jọ ronú rẹ̀. Èrò wọn ni pé kí mẹ̀kúnnù tí kò ní owó ńlá lè kan ọkọ̀ fúnra rẹ̀ nínú ilé. Wọ́n gé plywood sí ìwọ̀n, wọ́n lu ihò sí etí rẹ̀, wọ́n fi wáyà bàbà rán an pọ̀ bí ìgbà tí télọ̀ ń rán aṣọ, wọ́n wá fi rísínì àti aṣọ fáíbà lẹ ojú rírán náà pa. Ó gùn tó mítà mẹ́ta lé díẹ̀, àgbàlagbà méjì sì lè gbé e. Ó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin irú rẹ̀ tí wọ́n ti kàn káàkiri ayé.

Ní Èkó wa níbí, àwọn tí ń fi irú ọkọ̀ kékeré báyìí ṣeré ìdárayá ti wà tipẹ́. Ọdún 1932 ni wọ́n ti dá Lagos Yacht Club sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a rò pé òyìnbó ló kọ́ wa ní ìgbòkun. Ẹni tó bá ti gba orí afárá Third Mainland kọjá, èyí tí wọ́n parí ní 1990, yóò ti rí ọkọ̀ àwọn awayanrìn tí ń bọ̀ lókèèrè pẹ̀lú ìgbòkun ràgàjì tí a fi àpò àti tapólì lẹ̀ pọ̀. Àwọn ará Ganvié ní orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n kọ́ ilé wọn sórí omi nítorí àwọn akónilẹ́rú, ń ta ìgbòkun bákan náà lórí adágún Nokoué. Èmi ọmọ orí òkè nìkan ni n kò mọ̀ ọ́n.

IṢẸ́ BẸ̀RẸ̀

Nígbà tó di ọjọ́ kẹẹ̀dógún lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba ní kí gbogbo wa jókòó sílé ní Èkó nítorí àrùn kòrónà. Ọmọkùnrin mi àbíkẹ́yìn wà nílé, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà. Kò sí ìsìn, kò sí ilé-ẹ̀kọ́. Èmi àti òun mú sáńpépà, a bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ọkọ̀ náà. Kí n sòótọ́, ọ̀rọ̀ tí èmi àti ọmọ yìí jọ sọ nínú ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn ju èyí tí a ti jọ sọ láti ọdún márùn-ún lọ. Iṣẹ́ Olúwa ni mo máa ń fi kẹ́wọ́ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ọ̀nà ṣí, a lọ sí Ládípọ̀. Ẹ mọ̀ pé kò sí ẹ̀yà ara mọ́tò tí a kì í rí níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi fáíbà tún bọ́ńpà mọ́tò ṣe ni a ti ra rísínì, aṣọ fáíbà, àti oògùn méjì tí a fi ń mú un gan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó tà á fún wa kìlọ̀ gidigidi pé a kò gbọdọ̀ da oògùn méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn rárá. Inú rísínì ni a ó ti kọ́kọ́ po ọ̀kan tán kí a tó fi èkejì sí i, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọ́n lè bú gbàmù kí iná sì sọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dán irú rẹ̀ wò, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Kí ẹ sì ṣe é ní gbangba, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, nítorí òórùn rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan nípa ọkọ̀ yìí, nítorí orí rẹ̀ ni ìtàn mi dá lé. Ó ní àyè mẹ́rin tí a dé pa: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, méjì ní ẹ̀gbẹ́. Afẹ́fẹ́ nìkan ló wà nínú wọn. Àwọn ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rì bí omi tilẹ̀ kún inú rẹ̀. Bí ó bá dojú dé, ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi ìwọ̀n ara rẹ̀ tẹ pátákó pẹlẹbẹ tó gba àárín ọkọ̀ bọ́ sínú omi, ọkọ̀ yóò sì tún dìde. Ṣùgbọ́n bí omi bá rí ọ̀nà wọ inú àyè wọ̀nyí, a jẹ́ pé ìrètí ti tán nìyẹn.

Ọmọ mi ló kọ́kọ́ rí ibi tó bàjẹ́. Ní apá ẹ̀yìn, lábẹ́ àyè ẹ̀yìn gan-an, ó fi ìka tẹ pákó. Ó ní, "Dádì, ibí yìí rọ̀."

Mo wò ó. Mo ní ọ̀rinrin lásán ni, oòrùn yóò gbẹ ẹ́.

Lẹ́yìn náà, mo pe bàbá arúgbó kan tó jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, tó ti kan ọkọ̀ ní etí ọ̀sà fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé kó wá bá mi wo iṣẹ́ náà. Bàbá kò wo ọ̀dà títun tí mo fi ń yangàn. Ó tẹ̀ ba, ó ń fi ìkúùkù gbá ara ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ibi tí igi ti dára, ohùn rẹ̀ ń dún ko, ko. Nígbà tó dé apá ẹ̀yìn, ohùn yí padà, ó ń dún bù, bù. Ó fa sukudiráífà yọ, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ tẹ ibẹ̀, ó sì wọlé bí ọ̀bẹ tí ń wọ inú ẹ̀kọ.

Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ má bínú. Igi ibí yìí ti kú. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń jí òkú, èmi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ gé e dànù títí ẹ ó fi dé ibi tí igi ti le. Ẹ má ro ti pé ihò yóò tóbi."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, mo sì fún un ní owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ní àárín kan, owó ń tán lọ, àkókò sì ń sáré. Mo ti ṣèlérí fún ọmọ mi pé nínú ìsinmi gígùn ọdún 2021 ni a ó gbé ọkọ̀ yìí sómi, kí ó tó padà sí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Mo ti sọ fún àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú. N kò fẹ́ kí ojú tì mí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ọmọ ti sùn, mo da rísínì sí ojú ibi tó rọ̀ náà, mo lẹ fáíbà mọ́ ọn, mo kùn ún ní ọ̀dà funfun. Nígbà tó di àárọ̀, ó ń dán. Ọmọ mi wò ó, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan.

ỌJỌ́ TÍ A LỌ SÓMI

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹjọ, a gbé ọkọ̀ náà sórí píkọ́ọ̀pù ní Ìsọlọ̀. A gba Òṣòdì, a gba Anthony, a gba Gbàgádà, títí a fi dé etí ọ̀sà ní Òwòròǹṣòkí. Àwọn ọlọ́kọ̀ danfo ń kí wa lójú ọ̀nà. Ọ̀kan ní, "Pásítọ̀, ṣé ìkún omi tún ń bọ̀ ni?"

Kí a tó jáde nílé, ìyàwó mi ti dúró sí ẹnu géètì. Ó ní ọkọ̀ kò ní jáde àfi bí òun bá rí láìfù jákẹ́ẹ̀tì méjì lára èèyàn méjì. Mo ní ooru yóò mú wa. Ó ní kí ooru mú wa. Àwọn aláṣẹ ojú omi Ìpínlẹ̀ Èkó, LASWA, kò fàyè gba kí èrò wọ ọkọ̀ láìní i lọ́rùn, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò nílò aláṣẹ kankan.

Ẹ̀yin ará, ẹwà ń bẹ lójú ọ̀sà. Nígbà tí a ta ìgbòkun tí afẹ́fẹ́ sì wọ inú rẹ̀, ariwo Èkó dákẹ́ lẹ́yìn wa. A kò gbọ́ ẹ́ńjìnnì, a kò gbọ́ fèrè mọ́tò. Omi nìkan ni ó ń ṣe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ wa. Ọmọ mi di ìtọ́kọ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tí èmi aláìmọ̀kan kò rò ni èyí: ní Èkó, afẹ́fẹ́ ọ̀sán láti ìhà òkun, gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ló ti ń fẹ́ wá, ó sì máa ń le sí i bí oòrùn bá ti ń yí sí ìrọ̀lẹ́. Ní Òwòròǹṣòkí, afẹ́fẹ́ yìí ń ti ènìyàn kúrò ní èbúté lọ sí àárín ọ̀sà. Nítorí náà àlọ rọrùn, àbọ̀ ni iṣẹ́ wà. Ọkọ̀ onígbòkun kò lè dojú kọ afẹ́fẹ́ gan-an. Bí ó bá fẹ́ lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, ó ní láti máa rìn ní ìdagẹ̀rẹ̀, díẹ̀ sí ọ̀tún, díẹ̀ sí òsì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tó gun òkè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ṣe ń lọ ní wíwọ́.

Nígbà tí a yí orí ọkọ̀ padà láti máa bọ̀ wálé, mo ṣàkíyèsí pé ẹ̀yìn rẹ̀ wúwo. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Fáíbà tí mo lẹ̀ ti ṣí, nítorí kò sí igi tó le tí yóò dì mú. Omi ti kún àyè ẹ̀yìn. Kí n tó la ẹnu, afẹ́fẹ́ kan ta lù wá, ọkọ̀ náà sì dojú dé.

Ọ̀sà Èkó kò jìn púpọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ kì í bèèrè mítà. Mo gun orí pátákó ìsàlẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ dìde díẹ̀, ó tún wó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń ráhùn ni ó gbé orí mi sókè. Ọmọ mi di etí ọkọ̀ mú, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó wí jẹ́jẹ́ pé, "Dádì, ṣé ibi tó rọ̀ yẹn ni?"

Mo dáhùn pé, "Òun ni. Mo mọ̀ pé ó rọ̀. Mo kùn ún pa ni."

Mo ti wàásù lọ́pọ̀ ìgbà nípa ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. N kò rò pé inú omi ni n ó ti jẹ́wọ́ fún ọmọ tí mo bí.

Àwọn awayanrìn ló yọ wá. Ọkọ̀ wọn ti kún fún iyanrìn débi pé ó ku díẹ̀ kí omi bo etí rẹ̀. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni iṣẹ́ wọn: wọ́n ń gba àkàsọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú omi pẹ̀lú garawa, wọ́n ń bu iyanrìn láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà wá sókè, garawa kan lẹ́yìn òmíràn. Síbẹ̀ wọ́n fi ṣọ́bìrì da nínú iyanrìn wọn sómi kí àyè lè gbà wá. Owó wọn ni wọ́n dà sómi yẹn. Wọ́n so ọkọ̀ wa mọ́ tiwọn, wọ́n fà á dé èbúté. Nígbà tí mo fẹ́ fún wọn ní nǹkan, àgbà inú wọn ní, "Ẹ lọ fún ọmọ yẹn ní tíì gbígbóná ná."

A TÚN UN ṢE NÍGBÀ KEJÌ

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mi kò bá mi jà. Ó fi omi gbóná fún wa, ó sá láìfù jákẹ́ẹ̀tì méjèèjì sórí okùn aṣọ rẹ̀, ó sì jókòó lẹ́bàá ibùsùn ọmọ fún ìgbà pípẹ́. Ìyẹn dùn mí ju ìjà lọ.

Odindi ọdún kan ni ọkọ̀ náà fi wà ní ìdojúdé nínú ọgbà. N kò lè wò ó. Nígbà tí ọmọ mi dé fún ìsinmi ọdún 2022, òun fúnra rẹ̀ ló mú ayùn wá. Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká gé e dé ibi tó le."

A gé e. Ihò tí mo rò pé yóò tó àtẹ́lẹwọ́ kan, ó fẹ̀ ju àtẹ àwọn aláta lọ. Ìjẹrà náà ti rìn lábẹ́ ọ̀dà jìnnà ju bí ojú ti rí lọ. Ẹni tó bá ti ka ìtàn ọkọ̀ Nóà yóò rántí pé inú àti òde ni ó ní láti kùn. Òde nìkan ni èmi ti kùn. A ra plywood tó dára tí gúlù rẹ̀ kì í tú nínú omi, a gé e sí ìwọ̀n, a fi wáyà bàbà rán an, a lẹ̀ ẹ́ nínú, a lẹ̀ ẹ́ lóde. Kí a tó kùn ún, a bu omi sínú àyè kọ̀ọ̀kan, a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láti mọ èyí tó ń jò. Ọmọ mi ló lọ mú Bàbá Ìlàjẹ wá. Bàbá gbá a yípo, ohùn rẹ̀ ń dún ko, ko, títí dé ẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ wá lọ kùn ún wàyí."

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni a fi kọ́ wíwá ọkọ̀ ní bèbè, lówùúrọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò tí ì le, kí a tó tún jáde. Ní ọjọ́ tí a jáde, a kọ́kọ́ lọ sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, kí ó bà a lè jẹ́ pé bí ó bá rẹ̀ wá, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò gbé wa padà. Ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀. Lápá kan, afárá Third Mainland nà lọ gbọọrọ pẹ̀lú mọ́tò tí kò lè rìn lórí rẹ̀. Àwọn awayanrìn kan kọjá, wọ́n juwọ́ sí wa.

Ní báyìí, ọkọ̀ náà wà nínú ọgbà wa ní Ìsọlọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tí ìyàwó mi ń sá aṣọ sí, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda ibẹ̀. Kí a tó gbé e jáde nígbàkígbà, ọmọ mi a tẹ̀ ba, a fi ìkúùkù gbá a yípo. Èmi a dúró tì í, n kì í sọ̀rọ̀. Bí ó bá dé ẹ̀yìn, a gbójú sókè wò mí, a ní, "Ó le, Dádì." Ìgbà yẹn ni a tó máa gbé e.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá fi ìka tẹ ibì kan tó sọ fún yín pé ó rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wò ó dáadáa.